Ọmọ márùn-ún, ìkòkò ata kan: oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ nílé mi ní Ìbàdàn

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìparí oṣù Kejìlá, ọmọ márùn-ún já sílé mi ní Ìbàdàn, ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì ni wọ́n tó tú ká. Kò sí ọmọdé nínú wọn mọ́, èyí tó kéré jù ti pé ọmọ ogún ọdún. Méjì nínú wọn ni mo bí. Méjì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ndọ̀n. Ìkarùn-ún jẹ́ ọmọ àbúrò ọkọ mi, tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ nílẹ̀ Haúsá. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọn ò ti fojú kan ara wọn lápapọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí gbogbo wọn jẹun nídìí tábìlì kan náà, kí ẹnikẹ́ni má máa wo ẹnu ẹnìkejì. Mo kọ bó ṣe lọ sílẹ̀, àti ibi tí mo ti ṣìṣe, torí irú àlejò báyìí ti wọ́pọ̀ nílé gbogbo wa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò bọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ máa fẹ́ jẹ?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, márààrún ti fèsì: "Ohunkóhun, Mọ́mì." Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè mú "ohunkóhun" dání lọ sọ́jà Bódìjà. Mo wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ rárá? Kí ni o kì í jẹ? Kí ni o kàn ò fẹ́ràn?

Àwọn ìbéèrè yìí jọra létí, wọn ò jọra nílé ìdáná. Ti àkọ́kọ́ lè gbé èèyàn dé ọsibítù. Èkejì jẹ́ ohun tí onítọ̀hún bá ọkàn rẹ̀ tàbí Ọlọ́run rẹ̀ sọ, kò sì yẹ kí ẹni tó ń dáná fún un máa bá a jiyàn lé e. Ẹ̀kẹta nìkan la lè dúnàádúrà lé. Àwa àgbà la máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a ó ní ọmọ náà "ń ṣe fọ́rífọ́rí." Bẹ́ẹ̀ a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa èèwọ̀. Ní agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá àgbà kan wà tó jẹ́ ọlọ́bàtálá. Kì í fẹnu kan ẹmu, bó bá sì di ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀, ọbẹ̀ àtẹ́ ló ń jẹ. Ìyá ìyá mi kì í tìtorí rẹ̀ gbé ìkòkò kejì kaná. Kí iyọ̀ tó wọ ọbẹ̀ ni yóò ti bu ti bàbá sọ́tọ̀ sínú ìṣasùn kékeré. Mo rántí ìṣasùn yẹn lálẹ́ ọjọ́ tí mo parí ìpè, ibẹ̀ ni gbogbo ètò mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi rèé. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kò ní èèwọ̀ kankan, àmọ́ ìresì ti sú u, àmàlà ló ń wù ú. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ní ọgbẹ́ inú, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe ata ló fà á. Kòkòrò kan tó ń gbé nínú ikùn ló sábà máa ń fa ọgbẹ́ yìí, òun àti oògùn ara ríro tí àwọn èèyàn ń lò ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn dókítà ilẹ̀ Ọsirélíà méjì tó fi ti kòkòrò náà múlẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Síbẹ̀, bí ata rodo bá kan ọgbẹ́ ọmọ mi, yóò di inú mú ni. Nítorí náà kò sí rodo fún un. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjì tó ti Lọ́ndọ̀n wá, kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ edé, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹyin, ó sì ń jẹ wàrà. Ọmọ àbúrò ọkọ mi, Mùsùlùmí ni bíi ti bàbá rẹ̀, ẹran tí wọ́n dú lọ́nà ẹ̀sìn rẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń gba ààwẹ̀ nọ́fílà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.

Àbúrò ọmọ Lọ́ndọ̀n yẹn lọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ẹ̀pà ń hun ún. Àtikékeré ni, kì í sì í ṣe ẹ̀hun tí èèyàn ń fi adín pa. Abẹ́rẹ́ méjì ló ń gbé kiri nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ló pè wá jọ sí pálọ̀, tó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wá: bí a ṣe ń yọ ìdérí rẹ̀, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, kódà lórí ṣòkòtò, ká sì forí lé ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tó ti dàgbà, òfin ti wà láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 pé kí ẹni tó ń ta oúnjẹ sọ bí ọ̀kan nínú oríṣi nǹkan mẹ́rìnlá tó máa ń hun àwọn èèyàn bá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú wọn, ẹyin wà níbẹ̀, edé náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, oúnjẹ tí wọ́n dì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ gbogbo èròjà rẹ̀ lára. Kíkà lára nǹkan ni ọmọ yìí fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ìkòkò tèmi ò ní ìwé lára, èmi ni yóò máa bi léèrè, mo sì gbọ́dọ̀ mọ èsì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀pà àti ẹ̀wà, inú èèpo ni àwọn méjèèjì ń so sí." Wọ́n ní ó ti ń jẹ ẹ̀wà àti irú láti kékeré, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọkàn mi balẹ̀. Ká ní wọ́n ní ẹ̀wà náà ń hun ún ni, ìdajì ètò mi ni ìbá dànù.

Lọ́jọ́bọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó dé, mo lọ sí Bódìjà. Mo ra kóńgò ẹ̀wà olóyin mẹ́ta, èlùbọ́ mẹ́ta, ìresì mẹ́rin, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín, irú, àti wàrà líle lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ti ẹran ò fa wàhálà rárá: Mùsùlùmí ni alápatà tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, bísímílàì ni wọ́n fi ń dú màlúù tó ń tà, nítorí náà ẹran kan náà ni gbogbo ilé jẹ. Adìyẹ méjì tó wà lẹ́yìnkùlé, ọmọ tó ń sìnlú yẹn ló dú wọn fúnra rẹ̀. Òróró ni mo dúró lé lórí. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òróró ẹ̀pà ò sí nínú rẹ̀. Mo ra ti inú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí i lára. Epo pupa ni mo sì lò fún ohun tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo se ìkòkò tí gbogbo ọ̀sẹ̀ náà dúró lé. Tòmátì apẹ̀rẹ̀ kékeré kan, tàtàsé bí ogójì, àlùbọ́sà ńlá mẹ́wàá. Kò sí rodo níbẹ̀, kò sí mágí, kò sí edé, kò sí omi ẹran. N kò gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò, torí ẹ̀rọ yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí fi ń lọ ẹ̀pà wọn. Búlẹ́ńdà ilé ni mo fi lọ̀ ọ́, ó gbà mí ní ìdajì òwúrọ̀. Mo sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tó ń tú pìkà-pìkà sókè bí ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà ni mo da epo sí i, mo dín in títí epo fi yọ sójú. Mo pín in sí abọ́ mẹ́jọ. Mo kó díẹ̀ sí fírísà, mo ń gbé èyí tó wà níta kaná láràárọ̀ àti lálẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè gbára lé iná ìjọba lásìkò ọdún. Mo lọ rodo nìkan, mo dín in, mo rọ ọ́ sínú ìgò kan, mo fi ṣíbí sí i. Orí tábìlì ni ìgò yẹn wà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ata ta òun, kó bu ú.

Bí ètò náà ṣe ń lọ ni pé lójoojúmọ́, mo ń gbé abọ́ ata kan, n ó kọ́kọ́ bu ti ẹni tí kì í jẹ ẹran kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohun yòókù ń wọ̀ ọ́. Ohun tí gbogbo wọn lè jẹ ń wọ ìkòkò ṣáájú, ohun tí ẹnì kan ò lè jẹ ń wọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo bà á jẹ́. Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ni. Mo bu ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀ kí pọ́nmọ́, pánlá àti ẹran tó wọ̀ ọ́, mo sì fi wàrà díndín sí i. A jókòó. Ó bu òkèlè kan, ó dúró, ó rọra gbé nǹkan kan sí etí abọ́. Ojú edé ni, dúdú, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé edé wà nínú eléyìí?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kò fẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Mo ti da edé lílọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀fọ́ ń wọnú ata. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń da edé sí ẹ̀fọ́, ọwọ́ mi ti kà á mọ́ iyọ̀, ọwọ́ ló sì ṣe é, ojú ò bá a lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ata lásán jẹ iyán rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, ó tún dúpẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ọmọ náà ti fọkàn tán mi kó tó fọwọ́ kan abọ́. Kí n tó sùn, mo kó ìgò edé àti mágí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítófù, mo kó wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí n kò lè dé láìgun àpótí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ edé, mo ní láti gun nǹkan, bí mo bá sì ń gùn ún, mo ń rántí.

Ti ọjọ́ ààwẹ̀, mo ti kọ́kọ́ rò ó pé n ó máa gbé oúnjẹ ọmọ náà pa mọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ló ní, "Kí ló dé tí gbogbo wa ò kúkú dúró dè é?" Bí a ṣe gbé oúnjẹ ńlá ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lọ sí ìgbà ìṣínu nìyẹn. Ọ̀sán di ògì àti àkàrà díẹ̀ fún àwọn tí kò gbààwẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, a ó gbé omi àti dàbínù síwájú rẹ̀, yóò ṣínu, yóò kírun, nígbà tó bá fi máa padà dé, gbogbo ilé ti wà nídìí tábìlì. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí fún sààrì rẹ̀. Nígbà ààwẹ̀ kejì, ọmọ mi ọkùnrin ti jí bá a jẹ ẹ́.

Àmàlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. N kò tètè rí i pé àbùlà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Gbẹ̀gìrì dá dúró, ewédú dá dúró, ọbẹ̀ ata dá dúró, inú abọ́ ẹni tó ń jẹun ni wọ́n ti ń pàdé. Irú nìkan ni mo fi ṣe gbẹ̀gìrì àti ewédú dùn, wọn ò sì mọ̀ pé edé ò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣàkì bu ṣàkì, ẹni tó fẹ́ wàrà bu wàrà. Gbẹ̀gìrì tó máa tán lójú ẹsẹ̀ ni mo sè, torí kì í pẹ́ kan. Àkọ́bí mi jẹ òkèlè mẹ́ta, ó ní kí n fi ojú omorogùn han òun.

Ọjọ́rú, ìresì àti dòdò ni.

Ọjọ́bọ̀, a ṣe èkuru. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Èkuru funfun kò ní epo, kò ní ata, kò ní edé, kò sí ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ nínú márààrún. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà ni mo ti ka èkuru sí ẹ̀gbọ́n tálákà fún mọ́ínmọ́ín, mo ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo rẹ ẹ̀wà sómi, mo gbé agbada sáàárín pálọ̀, mo ní kí gbogbo wọn wá bó o. Wọ́n fi ọwọ́ ra á nínú omi, èèpo ń léfòó, wọ́n ń dà á sórí asẹ́, wọ́n tún ń da omi mìíràn sí i, títí kò fi sí ojú dúdú kan ṣoṣo nínú ẹ̀wà náà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ náà bó o pẹ̀lú wọn. A lọ̀ ọ́ kí ó ki, mo sì po ó títí ó fi wú, tí a kán an sómi tó léfòó.

Ewé ló dá wọn lágara. Mo fi hàn wọ́n: gbé ewé méjì lé ara wọn, kí ẹ̀yìn kọjú sí ẹ̀yìn, ká a kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tẹ ṣóńṣó náà padà kó má bàa jò, bu èkuru sí i, pa á dé, tẹ orí rẹ̀ sábẹ́. Ti àbúrò tí ẹ̀pà ń hun jò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dúró, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó, kò fẹ́ gbé e sínú ìkòkò. Lálẹ́, a tú ewé kúrò, òórùn rẹ̀ gba ilé. Ata díndín wà nínú abọ́ méjì: ọ̀kan ní irú nìkan, ọ̀kan ní edé àti ẹja gbígbẹ, ìgò rodo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èkuru kan náà ni gbogbo wa tú, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń jẹ.

Mo ti ń rò ó pé ó ti parí sí ire. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àkọ́bí mi jáde, ó ra sùyá bọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀pà ń hun àbúrò rẹ̀. Ohun tí òun ń pè ní ẹ̀pà ni èyí tí wọ́n ń yan, tí wọ́n ń bó jẹ. Kò rò ó kan yájì tí wọ́n ń bu lé sùyá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀pà gígún ló pọ̀ jù nínú yájì. Àbúrò rí bébà sùyá náà, ó dìde, ó lọ jókòó síta. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu pátákó ìgéran, wọ́n nu ọ̀bẹ, wọ́n dá wọn padà sí àyè wọn. Wọ́n nù ún, wọn ò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, orí pátákó yẹn ni mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé. Àbúrò jẹ ègé dòdò méjì, ó dá ọwọ́ dúró, ó ní ètè ń yún òun. Nígbà tí mo wò ó, ètè ìsàlẹ̀ ti ń wú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò pariwo. Ó gbé oògùn fún un, ó mú abẹ́rẹ́ dání, ó jókòó tì í, ó ń kà á sí i létí ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́: bí mímí bá ṣòro, bí ọ̀fun bá ń dí, bí ó bá ń bì, bí òòyì bá ń kọ́ ọ. Ọkọ mi ti tan ọkọ̀, ó gbé e kọjú sí géètì. Mo pe ìyá rẹ̀, a jọ wà lórí fóònù. Ètè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, kò sì kọjá ibẹ̀. Wọn ò lo abẹ́rẹ́. Wákàtí mẹ́rin la fi ṣọ́ ọ kí n tó gbà kí wọ́n kọjá sí Èkó, kí dókítà sì wò ó níbẹ̀ kó tó wọ bàálù lọ́jọ́ kejì.

N kò bá àkọ́bí mi wí. Èmi ni mo sọ "ẹ̀pà" fún gbogbo ilé, tí n kò sọ ibi tí ẹ̀pà ń fara pa mọ́ sí. Ìwé tó wà lára fíríjì mi báyìí ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: yájì, kúlíkúlí, dáńkúwà, òróró kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò, ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹlòmíì ti lò. Pátákó onígi yẹn ti pẹ́, ó ní ojú sísán tí ọṣẹ ò lè dé, mo ti sọ ọ́ nù. Ike ni mo rà dípò rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ọ̀bẹ tirẹ̀ náà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n gé nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni n ó ka ìwé náà fún gbogbo ilé, pẹ̀lú ẹni tó ń bá wa ṣọ́ géètì, torí òun náà máa ń fún wọn ní nǹkan jẹ.

Ní oṣù Kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí. Ó ti rí tàtàsé àti irú rà ní Peckham, ní Lọ́ndọ̀n, ó se ata tirẹ̀, ọbẹ̀ náà ń kan. Mo ní, "Ṣé o sè é kí omi rẹ̀ gbẹ kí epo tó wọ̀ ọ́?" Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì, mo kàn dà á sínú epo ni." Mo ní kó gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó lọ ata mìíràn, kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. A fi ogójì ìṣẹ́jú bá ara wa sọ̀rọ̀ ilé, mo sì ń gbọ́ ata náà lábẹ́ ohùn rẹ̀, tó ń hó, tó ń hó, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú pìkà-pìkà.